Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Àtọ̀gbẹ Lára Ológbò Tí Ó Ti Dàgbà, àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀ Nínú Ilé



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ènìyàn tí ó sì dá ẹranko. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lóṣù yìí lè pa àwọn kan lẹ́rìn-ín. Nígbà tí a kọ́kọ́ mẹ́nu bà á ní ilé-kéwú wa, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ béèrè pé, "Ùsítáàsì, ṣé ológbò náà máa ń ní àtọ̀gbẹ ni?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. A dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, àti pé ológbò kan tí ó ní in wà nílé ìyá wa ní Ìbàdàn, tí àwa àti àbúrò wa obìnrin ń gún lábẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀méjì lójúmọ́. Ẹ̀rín dáwọ́ dúró, ìbéèrè sì bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a fi dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà, àti ohun tí ojú wa ti rí láti ìgbà náà, ni a kọ síhìn-ín.

ÀMÁNÀ NI OLÓGBÒ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ hádíìsì obìnrin tí ó ti ológbò mọ́lé títí tí ó fi kú, tí kò fún un lóúnjẹ, tí kò sì jẹ́ kí ó jáde lọ wá kòkòrò ilẹ̀ jẹ. Bùhárí àti Mùsílímù ni wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà wá, ìyà Iná sì ni ó jẹ èrè rẹ̀. Nínú Mùwáttà Ìmáàmù Málíkì ẹ̀wẹ̀, a rí ìtàn Abu Qatada, tí ó tẹ ohun-èlò omi àlùwàlá rẹ̀ sílẹ̀ kí ológbò lè mu níbẹ̀. Nígbà tí ó ya Kabsha ìyàwó ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, ó jẹ́ kí ó mọ̀ pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kò ka ológbò sí nájísì, nítorí pé ara àwọn tí ń rìn yí wa ká nínú ilé ni.

Ẹ̀kọ́ tí a fà yọ nínú méjèèjì ni pé ológbò tí a bá gbà sílé, àmánà ni ó jẹ́ lọ́wọ́ wa. Nígbà tí ó ń pa eku fún wa, a fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí ó bá darúgbó tí àìsàn dé, àmánà náà kò tíì parí.

1. KÍ NI ÀRÙN YÌÍ?

Nígbà tí oúnjẹ bá dà nínú ara, apá kan rẹ̀ a di ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Kí ṣúgà yìí tó lè wọ inú ẹran ara láti di agbára, ó nílò èròjà kan tí à ń pè ní ínsúlínì. Ẹ̀yà ara kékeré kan tí ó wà lẹ́yìn àpòlúkù ni ó ń pèsè rẹ̀. Lára ológbò, àrùn náà sábà máa ń jọ irú èyí tí ó ń mú àwọn àgbàlagbà ènìyàn: ara kì í gbọ́ràn sí ínsúlínì lẹ́nu mọ́, ẹ̀yà tí ń pèsè rẹ̀ a ṣe é ṣe é, a rẹ̀ ẹ́. Ṣúgà a kún inú ẹ̀jẹ̀, síbẹ̀ ebi a máa pa ara.

Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ológbò bá ti ga tó bíi 270 mg/dl, kíndìnrín kò ní lè dá a dúró mọ́. Yóò dà sínú ìtọ̀, yóò sì fa omi lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń tọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, tí òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́.

Àwọn tí ó sábà máa ń ṣe ni ológbò tí ó ti dàgbà, akọ ju abo lọ, pàápàá akọ tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, èyí tí ó sanra jù, èyí tí kì í jáde tí kì í sáré, àti èyí tí ó ti ń lo oògùn bíi prednisolone fún ìgbà pípẹ́.

2. ÀWỌN ÀMÌ RẸ̀

(a) Omi mímu tí ó pọ̀ jù. Ológbò tí ara rẹ̀ le kì í sábà mu ju bíi 50 mílílítà lọ fún kílò kan ìwọ̀n rẹ̀ lóòjọ́. Bí èyí tí ó wọn kílò 4 bá ń mu ju 200 mílílítà lọ, ẹ má ṣe dákẹ́. Ìgò omi 50 cl tí à ń rà lójú pópó tó fi wọ̀n ọ́n.

(b) Ìtọ̀ tí ó pọ̀, nígbà mìíràn níbi tí kì í tọ̀ sí tẹ́lẹ̀.

(d) Ó ń jẹun dáadáa, bóyá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ń rù.

(e) Irun ara rẹ̀ kò dán mọ́, kì í sì í fẹ́ lá ara rẹ̀.

(ẹ) Bí ó bá ti pẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lè di aláìlágbára, kí ó máa fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀ bí ènìyàn dípò kí ó máa fi ọmọ ìka rìn.

Akọ ológbò tiwa jẹ́ ọmọ ọdún 11 nígbà náà. Ìyá wa ni ó kọ́kọ́ fura. Wọ́n ní, "Ológbò yìí ń mu omi bí ẹni tí ó jẹ iyọ̀." Àwa sọ pé oòrùn ni. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó gbọ́ ti ìyá wa, ó sì ti rù kúrò ní kílò mẹ́fà àbọ̀ sí márùn-ún. Ẹ kíyèsí i: ẹni tí ó ń bu omi fún ẹranko lójoojúmọ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ tàfàlà.

3. DÓKÍTÀ ẸRANKO NI YÓÒ SỌ BÓYÁ ÀTỌ̀GBẸ NI

Àìsàn kíndìnrín àti àwọn àìsàn mìíràn náà máa ń fa òùngbẹ fún àgbà ológbò, nítorí náà a kò gbọdọ̀ fi ojú wò ó kí a sì bẹ̀rẹ̀ oògùn. Dókítà yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, yóò yẹ ìtọ̀ wò. Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a mọ̀: ẹ̀rù nìkan lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ológbò ga. Ológbò tí a dè sínú apẹ̀rẹ̀, tí a gbé gun ọkọ̀, tí ajá ń gbó mọ́ níbi tí a ti ń dúró de dókítà, ṣúgà rẹ̀ lè ga láìní àtọ̀gbẹ rárá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lè ṣe àyẹ̀wò tí à ń pè ní fructosamine, tí ó ń fi bí ṣúgà ti rí fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta sẹ́yìn hàn.

Ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní ti Ìlọrin, ó sì wà ní Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Abẹ́òkúta.

4. ÍNSÚLÍNÌ ÀTI ABẸ́RẸ́

Ọ̀pọ̀ ológbò alátọ̀gbẹ ni a ń gún ní ínsúlínì lẹ́ẹ̀méjì lójúmọ́, kí wákàtí 12 wà láàárín. Ọ̀kan tí àwọn dókítà fẹ́ràn ni glargine, tí àwọn ènìyàn náà ń lò, tí a sì lè rí ní ilé oògùn. Òmíràn ni Caninsulin, tí a ṣe fún ẹranko.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa béèrè nípa ẹlẹ́dẹ̀. Òtítọ́ ni pé ínsúlínì ẹlẹ́dẹ̀ ni ó wà nínú Caninsulin. Glargine kò rí bẹ́ẹ̀: kòkòrò àìfojúrí ni wọ́n ń lò láti pèsè rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ kò nílò àríyànjiyàn gígùn. Kí ó sọ fún dókítà pé èyí tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹlẹ́dẹ̀ ni òun fẹ́. Bí kò bá sí òmíràn, kí ó bi àlùfáà rẹ̀ léèrè kí ó tó kọ oògùn sílẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún síríǹjì. Ínsúlínì U-100 ní yúníìtì 100 nínú mílílítà kan, U-40 sì ní 40. Oríṣi kọ̀ọ̀kan ní síríǹjì tirẹ̀. Bí a bá fi síríǹjì U-40 fa ínsúlínì U-100 dé ojú àmì kan, yúníìtì méjì àbọ̀ ni a fà yẹn. Èyí tó láti pa ológbò. Bí a bá sì ṣe òdìkejì rẹ̀, oògùn kò ní tó. Nọ́ńbà ara ìgò àti ti ara síríǹjì gbọdọ̀ bára mu.

Bí a ṣe ń gún un nìyí. Ẹ kọ́kọ́ fún un lóúnjẹ, kí ẹ rí i pé ó jẹ ẹ́. Ẹ fi ìka méjì fa awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè bí àgọ́, kí ẹ ki abẹ́rẹ́ bọ ìdí àgọ́ náà, kí ẹ ti oògùn wọlé, kí ẹ sì yọ ọ́. Ẹ fọwọ́ kan irun ibẹ̀. Bí ó bá tutù, ó ṣeé ṣe kí oògùn ti dà síta. Bí ó bá dà síta, ẹ má ṣe gún un lẹ́ẹ̀kejì, ẹ dúró di àkókò tí ó kàn. Ṣúgà tí ó ga fún ọjọ́ kan kì í sábà pani, ṣùgbọ́n èyí tí ó já wálẹ̀ jù lè pani ní wákàtí díẹ̀. Ẹ máa pààrọ̀ ibi tí ẹ ń gún. Bí kò bá jẹun tàbí tí ó bì, ẹ má ṣe gún un kí ẹ tó bá dókítà sọ̀rọ̀.

Fíríìjì ni kí ínsúlínì máa gbé, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ di yìnyín. Níbi tí iná kì í ti í dúró, ẹ lè fi fúláàsì pẹ̀lú yìnyín díẹ̀ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ fi aṣọ wé ìgò náà kí ó má baà fara kan yìnyín. Glargine máa ń mọ́ gaara bí omi ni. Èyí tí ó bá ti dàrú, ẹ dà á nù.

5. OÚNJẸ RẸ̀

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ti ń ṣàṣìṣe láìmọ̀. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù nínú abọ́ ni ti ológbò: ìrẹsì, àmàlà, ẹ̀bà, búrẹ́dì tí a rẹ sínú mílíìkì. Ara ológbò kò rí bí ti ènìyàn. Ẹran àti ẹja ni Ọlọ́hun dá a láti máa jẹ, oúnjẹ onísítáàṣì sì ń gbé ṣúgà rẹ̀ ga. Ológbò alátọ̀gbẹ nílò oúnjẹ tí ó kún fún ẹran tí sítáàṣì rẹ̀ sì kéré. Oúnjẹ ológbò inú agolo, èyí tí ó tutù, dára ju èyí tí ó gbẹ tí ó ń ró kákáká lẹ́nu lọ.

Ẹni tí kò bá lágbára láti máa ra ti agolo lè máa bọ ẹja tútù, adìẹ tàbí ẹran fún un láìfi iyọ̀ tàbí ata sí i. Àlùbọ́sà kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ rárá, májèlé ni fún ológbò. Kí ẹ yọ eegun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹran lásán kò pé fún un títí lọ. Ẹ jẹ́ kí dókítà sọ ohun tí ẹ ó máa fi kún un.

Ìkìlọ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹ má ṣe yí oúnjẹ padà lójijì fún ológbò tí ó ti wà lórí ínsúlínì láìsọ fún dókítà. Bí sítáàṣì bá dínkù, ṣúgà lè wálẹ̀, ìwọ̀n oògùn àná sì lè di àpọ̀jù lónìí. Èkejì, ẹ má ṣe febi pa èyí tí ó sanra kí ó lè tètè fọn. Ológbò tí ó sanra tí kò jẹun fún ọjọ́ mélòó kan lè ní àìsàn ẹ̀dọ̀ tí ó burú jáì.

6. OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ WA NÍNÚ RÀMÀDÁÀNÌ

Ẹ jẹ́ kí a sọ àṣìṣe wa, kí ẹ lè fi í kọ́gbọ́n. Láàárọ̀, ago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni a máa ń gún ológbò wa, àti lálẹ́ ní àkókò kan náà, nítòsí ìrun Mọ̀gàríbì. Yúníìtì méjì ni dókítà kọ fún un nígbà náà. Nígbà tí oṣù Ràmàdáánì dé, ètò ilé yí padà. Lọ́jọ́ kan, àbúrò wa ní ibi tí yóò tètè lọ, ó gún un lẹ́yìn ìrun Àsùbá ó sì jáde. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àkókò tó, àwa náà gún un. Oúnjẹ díẹ̀ ni ológbò náà sì jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ní ago mẹ́wàá, ìyá wa pè wá. Ológbò wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń gbọ̀n. Nígbà tí a fà á jáde, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ó ṣubú, kò sì lè dìde. A fi fóònù pe àbúrò wa. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, mo ti fún un kí n tó jáde o." Ìyá wa kàn wò wá, wọ́n ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, tí ẹ kàwé."

A sáré mú oyin, a fi ìka pa á mọ́ ẹran ìdí eyín rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. A kò dà á sí i lẹ́nu, nítorí ẹranko tí ń gbọ̀n lè fi omi tàbí oyin há ọ̀nà ọ̀fun. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó gbórí sókè. A fún un lẹ́ja, ó jẹ díẹ̀, a sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí oyin kì í pẹ́ lára, bẹ́ẹ̀ ni ínsúlínì ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ. Títí di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Ó yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun.

Kì í ṣe àìmọ̀kan ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. A mọ oògùn, a mọ ìwọ̀n, a mọ àkókò. Ohun tí a kò ní ni àkọsílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìwé kan ti wà lára ògiri ilé ìdáná, tí a fi okùn so bírò mọ́. Ẹni tí ó bá gún un yóò kọ ọjọ́, àkókò, yúníìtì, bí ó ti jẹun sí, àti orúkọ ara rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì ka ìwé náà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan síríǹjì.

7. ṢÍṢỌ́ RẸ̀ LÓJOOJÚMỌ́

Ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀: ẹ gbé e dání lórí ìwọ̀n, kí ẹ wá wọn ara yín nìkan, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò. Ẹ máa wọn omi tí ó ń mu. Bí omi bá ń dínkù, tí ìwọ̀n ara rẹ̀ kò sì já mọ́, oògùn ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

A tún lè gún etí rẹ̀ ní ẹ̀bá, kí a fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan wo ṣúgà. Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́ yín. Ẹ̀rọ tí a ṣe fún ènìyàn sábà máa ń ka ti ológbò sí ìwọ̀n tí ó kéré sí òótọ́, nítorí náà kí ẹ fi wé ti dókítà. Èyí tí ó bá wálẹ̀ ju 60 mg/dl lọ, ewu ni.

Bí kò bá jẹun mọ́, tí ó ń bì, tí ara rẹ̀ rọ, tí èémí rẹ̀ sì ń rùn bí ohun tí a fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Oró ti ń gba inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Oògùn tí a ń fún un lẹ́nu náà ti wà. Àjọ tí ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Bexacat ní 2022 àti Senvelgo ní 2023. Kì í ṣe gbogbo ológbò ni ó wà fún. Wọn kì í fún èyí tí ó ti lo ínsúlínì rí ní Bexacat, ó sì nílò àyẹ̀wò ṣáájú àti lẹ́yìn.

Ìròyìn ayọ̀ kan ni pé, bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ tí oúnjẹ sì tọ̀nà, àwọn ológbò kan máa ń dé ibi tí wọn kò ní nílò ínsúlínì mọ́. Tiwa kò tíì débẹ̀. Ṣùgbọ́n láti yúníìtì méjì ó ti padà sí ẹyọ kan, ọdún kẹta rẹ̀ sì nìyí. Dókítà ni yóò sọ ìgbà tí a ó dín in kù tàbí dá a dúró, kì í ṣe àwa.

8. ÌDÁHÙN FÚN ÀWỌN TÍ Ó Ń BÉÈRÈ

Aládùúgbò wa kan sọ pé, "Èèyàn ò rówó ra oògùn, ẹ̀yin ń gún ológbò lábẹ́rẹ́." Kò jẹ̀bi tán. Ẹ̀tọ́ òbí, ti ọmọ àti ti aládùúgbò ṣáájú, a kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi owó ilé-ìwé ọmọ ra ínsúlínì ológbò. Ṣùgbọ́n kálámù glargine kan tí ó jẹ́ mílílítà 3 ní yúníìtì 300 nínú. Ológbò tí ń gba yúníìtì méjì lóòjọ́ kò lè tètè lò ó tán, nítorí náà ẹ má ṣe ra ìgò ńlá tí yóò bàjẹ́ sí yín lọ́wọ́. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká a, kí ó sọ òtítọ́ fún dókítà, kí wọ́n jọ wá èyí tí ó ṣeé ṣe. Ohun tí kò tọ́ ni kí a dì í sínú àpò kí a sì lọ jù ú sí ọjà. Arúgbó ológbò tí kò lè pa eku mọ́, níbo ni yóò ti rí oúnjẹ?

Ní ti ìrun kíkí: ìtọ̀ rẹ̀ jẹ́ nájísì, ó sì ń tọ̀ púpọ̀. Ẹ gbé yanrìn sínú páànù fún un níbi tí kò jìnnà, kí ẹ máa ká ẹní ìrun kúrò nílẹ̀ lẹ́yìn ìrun, kí ẹ sì fi omi fọ ibi tí ó bá tọ̀ sí. Èyí kò tó ìdí láti lé e jáde.

Lákòótán, àwọn àmì tí a kà lókè, òùngbẹ, ìtọ̀ púpọ̀, rírù, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni wọ́n ṣe ń rí lára ènìyàn. Ẹ lọ wo àwọn òbí yín nílé. Nítorí ọ̀rọ̀ ológbò yìí ni ìyá wa fi gbà láti lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ara wọn wò, lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí a ti ń bẹ̀ wọ́n.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ló dé tí ológbò alátọ̀gbẹ fi ń mu omi púpọ̀?
2. Kí ni ó lè ṣẹlẹ̀ bí síríǹjì àti ínsúlínì kò bá bára mu?
3. Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá ẹnìkan ti gún un, kí ni kí ẹ ṣe?
4. Ta ni ń bu omi fún ẹranko ilé yín? Ṣé ẹ máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀?

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ọkàn àánú àti ọwọ́ tí ń pa àmánà mọ́. Àmín. Wà sàláámù.